Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Pẹ̀lú Oògùn Nínú Àpò

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín nílé ìwòsàn pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe oníwàásù. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sí ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, kí n máa yẹ ìṣirò tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe wò, bóyá ó péye. Iṣẹ́ náà ti jẹ́ kó mọ́ mi lára láti máa béèrè nípa ohun gbogbo pé: báwo la ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí? Nítorí náà, ohun tójú mi rí ni mo máa kọ. Ibi tí mi ò bá ti mọ̀, màá sọ pé mi ò mọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Àgbowó nígbà náà, nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ọ̀nà iwájú ilé wa kò ní ọ̀dà, eruku kì í sì í jẹ́ kí a ṣí fèrèsé. Gbogbo wa là ń húkọ́. A tiẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹnì kan bá húkọ́ nínú yàrá tirẹ̀, ẹlòmíràn á dáhùn láti òdìkejì pé, "Ṣé èmi lò ń pè?" Ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, eruku rọlẹ̀, ikọ́ àwọn tó kù lọ. Tèmi dúró.

Mo ra oògùn ikọ́ olómi lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tó wà ní ìyànà wa. Ikọ́ náà dín kù, ó tún padà. Oníkẹ́míìsì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí mi, ó ní, "Ara ẹ gbóná. Ibà ni." Mo lo oògùn ibà. Nígbà tí kò lọ, ó ní á jẹ́ pé taifọ́ọ̀dù ti dá sí i. Mo lo ti taifọ́ọ̀dù náà. Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ kankan wò, èmi náà kò sì béèrè, torí pé ohun tó ń sọ ni mo fẹ́ gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe ikọ́ nìkan. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná díẹ̀, bíi ti ẹni tó dúró sítòsí ààrò. Bí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti rin fún òógùn, bẹ́ẹ̀ fáànù ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ kò wù mí mọ́. Mo fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi, nígbà tó yá mo tún lu òmíràn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ wò mí títí, ó ní, "Ṣéun, ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni, àbí ọmọbìnrin kan ló ń dà ẹ́ láàmú?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Nígbà tí mo mú un kúrò, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, kékeré, bíi orí ìṣáná. Mo ká a, mo fi sápò, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Mi ò rí nǹkan kan nínú iṣẹ́ náà mọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo lọ. Bí ẹ kò bá tíì débẹ̀ rí, ẹ mú omi àti sùúrù dání. Bẹ́ńṣì gígùn ni wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹni iwájú bá wọlé sí dókítà, gbogbo wa á sún ìdí síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ọkọ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á dá orin, aláìsàn á gbè é, ẹnì kan á gbàdúrà. Lẹ́yìn àmín, nọ́ọ̀sì kan náà tó ń fohùn dídùn gbàdúrà á pariwo pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró síbi ìlẹ̀kùn yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín ni?"

Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan tó ní ọmọrí. "Kẹlẹbẹ àárọ̀ ni o, kì í ṣe itọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Tẹ́ ẹ bá tu itọ́ sí i, ara yín lẹ̀ ń tàn."

Ìgbà tí èsì dé, òun náà ló pè mí wọlé. Obìnrin àgbàlagbà ni, ó gbé awò ojú sí orí imú. Ó ní, "Bọ̀dá, ikọ́ ife ni. Ẹ fara balẹ̀. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń san. Oṣù mẹ́fà ni. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan."

Mo bi í pé, "Tí ikọ́ náà bá lọ kí oṣù mẹ́fà tó pé ńkọ́, Mà?"

Ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀. "Ó máa lọ. Ikọ́ máa ń lọ kí àìsàn tó lọ. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń rí àwọn èèyàn mú."

Mo fẹ́ kí ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Òun ni gbogbo ìtàn yìí dá lé.

Ó béèrè ẹni tó máa máa wò mí bí mo bá ń gbé oògùn mì, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Mo ní ìyá mi ni.

Ìyá mi ń gbé ní Challenge. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bàbá mi sì ti ṣaláìsí. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin nínú ìjọ wa. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lórí ìgbátẹ nígbà tí mo débẹ̀. Mo jókòó jìnnà díẹ̀, mo bo ẹnu, mo sì sọ ọ́ ní tààrà.

"Ikọ́ ife?" Wọ́n dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. "Nínú ẹbí wo? Kò sí i lọ́dọ̀ bàbá ẹ, kò sí i lọ́dọ̀ tèmi."

"Màámi, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń kó o."

"Afẹ́fẹ́ tí gbogbo Ìbàdàn ń mí, ìwọ nìkan ló wá mú?"

Títí dòní, mi ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti kó o.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Àǹtí Bọ́lá, àbúrò ìyá mi, ti dé láti Mọ́kọ́lá pẹ̀lú àpò ńlá kan. Orógbó wà nínú rẹ̀, oyin wà níbẹ̀, àgbo tó dúdú kirimú sì wà nínú ìgò ohun mímu. "Mu èyí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́," ni wọ́n wí, "o ò ní gbúròó ikọ́ náà mọ́."

Mo ní, "Àǹtí, ta ló ti lò ó rí tó san?"

"Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Ṣé ìntáfíù ni mo wá ṣe níbí ni? Ọmọ àbúrò ọkọ mi lò ó."

"Ṣé ikọ́ ife ló ṣe é?"

"Ikọ́ ló ṣe é. Ṣé ikọ́ kì í ṣe ikọ́ ni?"

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní oyin àti orógbó kò ní ṣe mí ní nǹkan, ṣùgbọ́n kí n má fẹnu kan àgbo náà, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, oògùn tí mò ń lò sì ti fún ẹ̀dọ̀ mi ní iṣẹ́ tó pọ̀ tó. Mo jẹ orógbó náà tán. Ó korò, kò sì ṣe nǹkan kan tí mo lè tọ́ka sí, ṣùgbọ́n inú Àǹtí Bọ́lá dùn.

Màámi kò ní kí n má lo oògùn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni láti máa wò mí. "Kí n jókòó ti oògùn bíi pé òun ni Ọlọ́run? Ìwọ lo tìẹ, jẹ́ kí èmi náà lo tèmi." Tiwọn ni ààwẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ àdúrà wọn gbà á pẹ̀lú wọn, àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹbí mi rárá. Lójú gbogbo wọn ni Màámi ti jẹ́ ẹ̀jẹ́: bí Ọlọ́run bá wo Ṣéun sàn, Ṣéun máa jáde ní ọjọ́ Àìkú ìdúpẹ́ láti wá jẹ́rìí.

Nítorí náà, ilé ìwòsàn ni mo ń lọ ní àràárọ̀ láti gbé oògùn mì níwájú nọ́ọ̀sì. Oògùn náà kò rọrùn. Ìtọ̀ mi pọ́n bíi omi ìṣáápá. Wọ́n ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, síbẹ̀ àyà mi já. Oríkèé ara ń ro mí, èébì ń gbé mi. Ọ̀fẹ́ ni oògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò àyà kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹyin àti ẹja tí wọ́n ní kí n máa jẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ wá ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ lórí oúnjẹ. Mo mọ àwọn tí ebi lé kúrò nídìí oògùn.

Wọ́n ní kí n má wá sí ibi iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nínú ilé wa ní Àgbowó, kò sẹ́ni tó tún fi ikọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìlẹ̀kùn á máa tì. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Mo ṣí fèrèsé mi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo jókòó sídìí rẹ̀, mo sì ń rò ó.

Àwọn ènìyàn ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ń sọ pé, "Ọlọ́run ní ìdí tó fi gba èyí láàyè." Mi ò ṣiyèméjì pé Ọlọ́run wà. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, àwọn tó ń sọ ìdí yìí, ta ló sọ fún wọn? Ẹnì kan ní kí n lè rẹ ara mi sílẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní ọ̀tá ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jọ jẹ́ òótọ́. Lọ́jọ́ kan, mo pa fóònù, mo sì gba àdúrà kan tí mo lè fi gbogbo ọkàn gbà. Mo ní, "Olúwa, bí ìdí kan bá wà, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyà yìí ṣòfò." Mi ò gba èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà náà.

Nígbà tó di oṣù kejì, tí wọ́n ti ń kó oògùn ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún mi lọ sílé, ikọ́ náà lọ. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé mo ti sọ̀rọ̀ títí lórí fóònù láìhúkọ́. Màámi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àwọn náà sì ti ṣàkíyèsí. Wọ́n pariwo débi pé mo ní láti gbé fóònù kúrò létí. "Ṣéun! O ò húkọ́! Ó ti parí! Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ìdúpẹ́!"

Mo ní láti ṣàlàyé àṣà kan nínú ìjọ wa. Bí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá bá fẹ́ jẹ́rìí, kì í jáde lọ́wọ́ òfo. Apẹ̀rẹ̀ kan wà níwájú pẹpẹ tí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn á gbé ọ̀pá tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn á mú èyí tó kù wá, á dà á sínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjọ á sì hó. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Mo mọ ìró tí ike oògùn máa ń ṣe bó bá bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn.

"Màámi," mo ní, "oògùn mi ò tíì tán."

"Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀rí. Tó bá tán kí o tó jẹ́rìí, oògùn ló ṣe é nìyẹn. Ọlọ́run wá dà?"

Mo rò ó. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò nítumọ̀. Bí ẹ bá gba ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gba ibi tó parí sí. Mo tún rò nípa àwọn obìnrin tí wọ́n febi panú nítorí mi. Kí n sì sọ òtítọ́, oògùn ti sú mi. Ikọ́ ti lọ, mo ti ń jẹun, ara mi fẹ́ kó jẹ́ pé Màámi ló tọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé màá rò ó wò.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo jókòó ti Ìyá Ìbùkún ní ilé ìwòsàn. A ti máa ń kí ara wa lórí bẹ́ńṣì. Aránṣọ ni wọ́n ní Àpáta, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń pa àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bọ̀dá akọ̀wé, ojú yín lónìí dà bíi ti ẹni tí wọ́n já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀." Mo sọ fún wọn. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lu itan.

"Tiyín náà ní apẹ̀rẹ̀? Abọ́ funfun ni tiwa."

"Ẹ̀yin náà jẹ́rìí, Mà?"

"Mo jẹ́ ẹ dáadáa. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i. Hẹ̀n, ọmọ mi, ariwo yẹn dùn o. Wọ́n gbé mi sókè. Ikọ́ náà padà dé. Kò pẹ́ rárá. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Mo ti jẹ́rìí. Bó bá ti ń bọ̀ nínú ìsìn, màá ṣe bíi pé mo fẹ́ lọ tọ̀, màá lọ húkọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá nu ẹnu, màá padà wá jó. Ìgbà tí Ìbùkún ọmọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ ni mo tó gbéra. Wọ́n ní oògùn ti tẹ́lẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lára mi. Èyí tí mò ń lò báyìí le ju tiyín lọ, ó sì pẹ́ ju tiyín lọ."

"Ìbùkún ńkọ́?"

"Ó ń dáa. Ó ń lo tiẹ̀." Wọ́n wò mí. "Ọlọ́run ò bínú sí mi o. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára mi, èmi ni mo dìde kó tó ṣe é tán."

Ẹnì kan kò tó láti fi dá ẹjọ́. Mo mọ ìyẹn. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Ó ní, "Kí lẹ rò pé mò ń bẹ̀ yín fún láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé?" Ìyẹn tó mi.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa nílé wọn. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í yára sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Jésù ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà, nígbà tí wọ́n gbéra, ṣé ara wọn ti mọ́?"

"Rárá. Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́nà ló mọ́."

"Ká ní wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa pariwo pé ó ti parí ńkọ́, sà?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ tán. "Ó sì tún jẹ́ pé àlùfáà ní láti yẹ̀ wọ́n wò kó tó ní kí wọ́n máa lọ. Ṣéun, ibi tí ò ń lọ ti yé mi. Wá lọ́jọ́ Àìkú. Sọ ohun tí o mọ̀. Èyí tí o ò mọ̀, fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹ sọ fún ìyá ẹ o. Ìwọ ni wàá sọ ọ́."

Mo sọ fún wọn ní ọjọ́ Sátidé. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Ìtìjú lo fẹ́ kó bá mi." Mo ní rárá. Síbẹ̀, wọ́n bá mi lọ aṣọ tí mo máa wọ̀, wọ́n gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé mi síwájú nínú gèlè funfun wọn. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Mo ní, "Ikọ́ ife ló ń ṣe mí." Mo gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sún lórí ìjókòó. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀ fún mi, ẹ ṣeun. Ikọ́ náà ti dúró, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ pé ó ti parí, torí pé àwọn tó ń tọ́jú mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn mi rèé." Mo yọ ọ́ lápò. Ìyá tó di apẹ̀rẹ̀ mú gbé e wá síwájú mi, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà," mo sì dá a padà sápò. "Màá lò ó lọ́la, màá lò ó lọ́túnla, títí wọ́n á fi ní ó tó. Mo gbà pé Ọlọ́run tí ẹ bẹ̀ ló fi í ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tí ikọ́ rẹ̀ ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó wá rí mi. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, màá bá a lọ."

Kò sẹ́ni tó hó. Ẹnì kan ní "Halelúyà" láti ẹ̀yìn, ó dà bíi pé òun nìkan ló gbàgbé láti dákẹ́. Pásítọ̀ dìde, wọ́n dá orin. Mo ń padà lọ sí ìjókòó, Màámi ń wo ilẹ̀. Wọn ò wò mí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé báàgì wọn kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì jókòó síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá akọrin wa pè mí sẹ́yìn àwọn ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń dá gbé ní Onírèké. Gbogbo wa la mọ ikọ́ rẹ̀. Ó máa ń gbé fúláàsì omi gbígbóná kiri, á ní orin ló ń mú òun lọ́nà ọ̀fun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣéun, ọ̀sẹ̀ méjì lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tó bá ti wọ oṣù ńkọ́? Oṣù... mélòó kan?"

Ọjọ́ Ajé la jọ lọ. Nọ́ọ̀sì rí wa lórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ tún ti di alágbàṣe wa ni?" Èsì ọ̀gá akọrin jáde, ikọ́ ife ni tirẹ̀ náà. Ó ní, "Gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin mi ńkọ́?" Wọ́n ní kí gbogbo wọn wá ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n wá. Màámi náà wá. Lára àwọn akọrin, wọ́n rí i lára ẹnì kan ṣoṣo, kò sì tíì wọ̀ ọ́ lára.

Lẹ́nu ìgbà yẹn ni Màámi wá sí Àgbowó láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Oògùn dà?" Mo mú un wá. "Gbé e mì. La ẹnu. Gbé ahọ́n sókè." Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn ọmọ kíláàsì wọn láyé ọjọ́sí ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn ti fún nọ́ọ̀sì ní orúkọ àwọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí á máa wò mí. Títí oògùn náà fi tán, bí wọn kò bá wá, wọ́n á pè.

Wọ́n yẹ̀ mí wò ní ìparí oṣù kẹfà. Wọn ò rí nǹkan kan nínú kẹlẹbẹ mi mọ́, nọ́ọ̀sì sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè: "Ó ti parí." Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ihò méjì tí mo lu sí bẹ́líìtì wà níbẹ̀, mi ò lò wọ́n mọ́. Àpá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, ó máa ń hàn nínú fọ́tò; bí mo bá yára gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa, èémí mi á kúrú díẹ̀. Ìyá Ìbùkún ṣì ń lo oògùn tiwọn. Ìbùkún ti lo tirẹ̀ tán.

Apẹ̀rẹ̀ náà ṣì wà níwájú pẹpẹ. Mi ò yí ìjọ wa padà, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ fún yín pé Ọlọ́run ló fi ikọ́ náà ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀gá akọrin lè rí ìtọ́jú. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo jókòó sídìí fèrèsé, mo gbàdúrà pé kí ìyà mi má ṣòfò, kò sì ṣòfò. Títí di báyìí, bí ẹnì kan bá ń bẹ̀rù láti dá lọ síbi àyẹ̀wò, mo máa ń tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́, màá bá a jókòó lórí bẹ́ńṣì. Iṣẹ́ tí mo rò pé wọ́n fún mi nìyẹn. Kò tóbi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo sùn sọ́dọ̀ Màámi ní Challenge. Láàárọ̀, mo gbọ́ ohùn wọn nínú pálọ̀. Fóònù wà létí wọn, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n wé gèlè àdúrà sórí. Ọ̀gá akọrin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti gbé e mì? Mi ò gbọ́ ìró omi o. Ẹ̀ ń tàn mí, ẹ tún un ṣe, mò ń gbọ́." Wọ́n dúró, wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n mi orí. "Ẹ̀hẹ́n. Ó yá, ẹ jẹ́ ká di ojú wa."